Ẹ̀kọ́ Kejìlá: Ẹja Àrọ̀ Inú Táǹkì àti Ìwé Tí Ó Ń Ṣọ́ Ọ

Púpọ̀ nínú yín ti parí Ìwé Kìíní. Ẹ ti lè kọ orúkọ yín. Ẹ ti lè ka nọ́ńbà, ẹ sì ti lè ṣe ìṣirò díẹ̀. Nígbà mìíràn ẹnì kan á bi mí pé, "Tíṣà, a ti mọ̀ ọ́n kà, a ti mọ̀ ọ́n kọ. Kí ni a ó wá fi ṣe?" Ìbéèrè dáadáa ni. Lónìí mo fẹ́ fi ẹja dá yín lóhùn.

Ẹja tí mo ń sọ ni àrọ̀. Kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n nínú wa. Ó dùn nínú ọbẹ̀ ní tútù, ó sì dùn ní gbígbẹ. Ó lágbára, ó sì tètè ń dàgbà. Nítorí náà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń sìn ín ní ẹ̀yìnkùlé. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ni ó ti fi owó èésú ra ọmọ ẹja, tí wọ́n jí ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, tí wọ́n bá a lójú omi tí ó ti yí ikùn sókè. Èmi náà wà lára wọn.

1. Bí mo ṣe pa ẹja mi

Nígbà tí mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀, mo ra táǹkì onírọ́bà kan tí ó ń gba omi 1,000 lítà. Mo gé orí rẹ̀ kúrò kí ẹnu rẹ̀ lè gbòòrò. Mo ra ọmọ ẹja 150, mo dà wọ́n sínú rẹ̀. Ẹja náà pọ̀ jù fún táǹkì náà, ṣùgbọ́n n kò mọ̀.

Inú mi dùn sí wọn púpọ̀. Bí mo bá ti kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ táǹkì, wọn á gbé ẹnu sókè, èmi náà á sì bu oúnjẹ sí i. Mo ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́, mo bu oúnjẹ sí i. Mo ń lọ sùn, mo bu oúnjẹ sí i. Mo rò pé ìfẹ́ ni.

Ní oṣù kẹta, mo jí ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, mo sì bá èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn ní òkú. Omi náà ń rùn, ìfófò sì bo ojú rẹ̀. Mo pe òṣìṣẹ́ ìjọba kan tí ó mọ̀ nípa ẹja. Ó bi mí ní ìbéèrè méjì péré: "Bàbá, gíráàmù mélòó ni ẹ ń fún wọn lójúmọ́? Ọjọ́ wo ni ẹ pààrọ̀ omi kẹ́yìn?"

N kò lè dáhùn. Ojú tì mí. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìṣirò, ṣùgbọ́n n kò ṣírò oúnjẹ ẹja ti ara mi rí. Àṣejù, baba àṣetẹ́.

2. Ẹ mọ ẹja yín

Àrọ̀ kò ní ìpẹ́. Awọ rẹ̀ ń yọ̀, ohun tí ń yọ̀ yìí ni ó ń dáàbò bo ara rẹ̀. Nítorí náà, ẹ má ṣe fi ọwọ́ gbígbẹ mú un, ẹ má sì jẹ́ kí ó máa ha ara rẹ̀ mọ́ ibi tí ó rí ṣákaṣàka. Ó ní ẹ̀gún líle kan ní apá ọ̀tún àti ọ̀kan ní apá òsì. Ẹ ṣọ́ra, ẹ̀gún náà lè gún yín lọ́wọ́.

Ó ní irùn gígùn mẹ́jọ lẹ́nu. Àwọn irùn yìí ni ó fi ń wá oúnjẹ nínú omi tí ó ṣókùnkùn. Òru ni ó fẹ́ràn jù láti máa rìn kiri. Nítorí náà, ẹ gbé táǹkì rẹ̀ sí ibi tí òjìji wà, kì í ṣe inú oòrùn gangan.

Irú àrọ̀ tí púpọ̀ nínú wa ń sìn ni àwọn onímọ̀ ń pè ní Clarias gariepinus. Gẹ̀ẹ́sì kan tí ń jẹ́ William Burchell ni ó kọ́kọ́ kọ nípa rẹ̀ sínú ìwé, ní ọdún 1822. Gariep ni orúkọ odò ńlá kan ní Gúúsù Áfíríkà, láti ara odò náà ni orúkọ ẹja yìí ti wá.

Ohun tí ó ṣe pàtàkì jù nìyí. Àrọ̀ ń mí nínú omi bí ẹja yòókù, ṣùgbọ́n ó tún lè wá sí ojú omi wá gba afẹ́fẹ́ sínú. Ìdí nìyí tí ó fi lè gbé inú omi tí yóò pa ẹja mìíràn. Ìdí nìyí pẹ̀lú tí ó fi ń tan ẹni tí ń sìn ín jẹ. A ó rò pé, "Ṣebí ó ṣì ń jà fitafita, omi yìí kò tíì burú." Bẹ́ẹ̀ ni omi ti burú. Ẹja náà kàn ń fara dà á ni. Ọjọ́ tí kò bá lè fara dà á mọ́, kì í ṣe ọ̀kan ni yóò kú.

3. Kí ni ó ń ba omi jẹ́?

Inú omi ni ẹja ń gbé, inú rẹ̀ ni ó ń jẹun, inú rẹ̀ náà ni ó ń yàgbẹ́ sí. Nínú odò, omi ń ṣàn, ó ń gbé ìdọ̀tí lọ. Nínú táǹkì, kò sí ibi tí ìdọ̀tí ń lọ. Ìwọ tí o ni ẹja ni odò rẹ̀.

Oúnjẹ tí ẹja kò jẹ tán yóò jẹrà. Èyí tí ó jẹ pàápàá, apá kan rẹ̀ yóò jáde padà sínú omi. Ohun kan tí wọ́n ń pè ní amóníà ń ti inú rẹ̀ wá. Ẹ mọ òórùn rẹ̀: òun ni ó máa ń ta wá nímú níbi tí ìtọ̀ bá ti pẹ́ sí. Tí amóníà bá pọ̀ nínú omi, májèlé ni fún ẹja. Omi náà lè mọ́ lójú, kí ó sì ní májèlé nínú. Ojú kò tó o.

Nítorí náà, ẹ ṣe báyìí:

Fún táǹkì 1,000 lítà, ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ kò gbọdọ̀ kó ju ẹja 40 lọ sínú rẹ̀.

Ẹ máa pààrọ̀ omi. Nígbà tí ẹja bá kéré, ẹ fa ìdá kan nínú mẹ́ta omi náà jáde ní ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Bí wọ́n bá ti dàgbà, ẹ máa ṣe é ní ọjọ́ kejì kejì, títí tí yóò fi di ojoojúmọ́. Ìsàlẹ̀ ni kí ẹ ti fà á, nítorí ìsàlẹ̀ ni ìdọ̀tí ń jókòó sí. Rọ́bà gígùn tí a fi ń fa omi tó láti ṣe é.

Ẹ má ṣe dà á nù lásán. Ẹ dà á sí ìdí ẹ̀fọ́, ajílẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ó ṣàn lọ sí ìdí kànga.

Tí ó bá jẹ́ omi ẹ̀rọ ni ẹ ń lò, ẹ pọn ọ́n sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì láìdé e, kí oògùn tí wọ́n fi ń pa kòkòrò inú rẹ̀ lè fẹ́ lọ. Tí ó bá jẹ́ omi kànga tàbí ti ilẹ̀ jíjìn, ẹ máa dà á láti òkè kí afẹ́fẹ́ lè wọ inú rẹ̀.

Ẹ má ṣe fi ọṣẹ fọ táǹkì. Ẹ má ṣe fín oògùn ẹ̀fọn nítòsí rẹ̀. Ẹ má sì ṣe tú oògùn oníhóró ènìyàn sínú omi pé ẹ ń wo ẹja sàn. Tí ẹja bá ń ṣàìsàn, ẹ pe òṣìṣẹ́ tí ó mọ̀ nípa rẹ̀.

Ẹ fi àwọ̀n bo ojú táǹkì. Àrọ̀ máa ń fò jáde, pàápàá ní alẹ́ òjò, ó sì lè fi àyà wọ́ lọ jìnnà lórí ilẹ̀ tí ó tutù. Bí ẹ kò bá rí i, ẹ má kọ́kọ́ pe ọmọ aládùúgbò lólè.

4. Ọjọ́ tí ẹja dé

Inú ọ̀rá tàbí kẹ́ẹ̀gì ni ẹ ó ti gbé ọmọ ẹja dé. Ẹ má ṣe dà wọ́n sínú táǹkì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Omi tí wọ́n bá wá lè gbóná ju ti táǹkì lọ, tàbí kí ó tutù jù ú. Tí ó bá jẹ́ ọ̀rá, ẹ gbé e léfòó lórí omi táǹkì fún bí ìṣẹ́jú 20. Lẹ́yìn náà, ẹ bu omi táǹkì díẹ̀díẹ̀ sí i, kí ẹ tó jẹ́ kí àwọn ẹja fúnra wọn lúwẹ̀ẹ́ jáde. Ẹ má fún wọn ní oúnjẹ ní ọjọ́ náà. Ó ti rẹ̀ wọ́n.

5. Ìṣirò oúnjẹ

Ibí ni ìwé yóò ti ràn yín lọ́wọ́. Ẹ mú pẹ́ńsù, kí a ṣe é pọ̀.

Ẹ mú ẹja 10, ẹ wọ̀n wọ́n pọ̀ nínú garawa lórí òṣùwọ̀n. Ẹ yọ ìwúwo garawa àti omi inú rẹ̀ kúrò. Ká ní ẹja mẹ́wàá náà jẹ́ 1,000 gíráàmù. Ẹ pín in sí ọ̀nà mẹ́wàá. Ẹja kan jẹ́ 100 gíráàmù.

Ẹja 40 ni ẹ ní. 40 lọ́nà 100 jẹ́ 4,000 gíráàmù.

Ẹja tí ó bá tó báyìí, oúnjẹ rẹ̀ fún ọjọ́ kan jẹ́ bí ìdá 3 nínú 100 ìwúwo ara rẹ̀. Ìdá 3 nínú 100 ti 4,000 jẹ́ 120 gíráàmù.

Ẹ pín in sí méjì: 60 ní òwúrọ̀, 60 ní ìrọ̀lẹ́. Ó ti tán. Kò sí ti ọ̀sán, kò sí ti "mo kàn ń kọjá lọ".

Nígbà tí ẹja kan bá tó 500 gíráàmù, ìdá 2 nínú 100 ti tó o. Tí a bá fi wé ìwúwo ara, ẹja kékeré ni ó ń jẹun ju ńlá lọ, gẹ́gẹ́ bí ọmọ tí ó ń dàgbà. Nítorí náà, ẹ máa wọ̀n wọ́n ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì, kí ẹ sì tún ìṣirò náà ṣe.

Ẹni tí kò ní òṣùwọ̀n ńkọ́? Ẹ mú agolo mílíìkì kan lọ sọ́dọ̀ oníṣòwò tí ó ní òṣùwọ̀n. Ẹ jẹ́ kó wọn 60 gíráàmù oúnjẹ ẹja sínú rẹ̀. Ẹ fi ìṣó fa ìlà sí ara agolo náà níbi tí oúnjẹ dé. Ó ti di òṣùwọ̀n yín nìyẹn. Bí ìṣirò bá yí padà, ẹ lọ fa ìlà mìíràn.

Oúnjẹ tí ó ń léfòó ni ó dára jù fún ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, nítorí ẹ ó fi ojú yín rí i bóyá wọ́n jẹ ẹ́ tàbí wọn kò jẹ ẹ́. Èyí tí wọn kò bá jẹ tán ní bí ìṣẹ́jú 15, ẹ kó o kúrò.

6. Ìka kò dọ́gba

Ọjọ́ kan náà ni wọ́n bí wọn, oúnjẹ kan náà ni wọ́n ń jẹ, ṣùgbọ́n ẹ ó rí i pé àwọn kan yóò dàgbà ju ẹgbẹ́ wọn lọ. Àwọn wọ̀nyí yóò bẹ̀rẹ̀ sí gbé àwọn kékeré mì. Ẹ ó ka ẹja yín, yóò dín, ẹ kò sì ní rí òkú. Nítorí náà, ní ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta, ẹ ṣà wọ́n. Ẹ kó àwọn ńlá lọ sí táǹkì mìíràn. Ẹ má fún wọn ní oúnjẹ ní ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ ṣà wọ́n, ẹ sì fi omi tutù rẹ àwọ̀n àti ọwọ́ yín kí ẹ tó fi kàn wọ́n.

7. Ìwé ìyá alákàrà

Ìyá alákàrà kan wà ní kíláàsì alẹ́ wa. Ìyá náà kò lọ sí ilé ìwé ní kékeré. Nígbà tí ó gbọ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ẹja mi, ó ní, "Tíṣà, èmi yóò sin tèmi, n ó sì máa kọ ọ́ sílẹ̀." Ó fi èrè àkàrà ra ẹja 40. Ó ra ìwé kékeré kan. Ojoojúmọ́ ni ó ń kọ ọ́.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ó sáré dé ilé mi.

"Tíṣà, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ẹ gbà mí! Ẹja mi kò jẹun mọ́. Mẹ́ta ti kú láàárọ̀ yìí. Àwọn yòókù ń gbé ẹnu sí ojú omi ṣáá."

"Ẹ pẹ̀lẹ́, Ìyá. Ìwé yín dà?"

Ó tú u láti ìdí ìró rẹ̀. Lẹ́tà rẹ̀ wọ́, ṣùgbọ́n ó ṣe é kà. A jọ kà á. Omi: ó pààrọ̀ rẹ̀ bí ó ti yẹ. Oúnjẹ: 60 ní òwúrọ̀, 60 ní ìrọ̀lẹ́. N kò rí àṣìṣe kankan.

Mo bi í pé, "Ìyá, ọjọ́ wo ni ẹ ra oúnjẹ tí ẹ ń lò yìí?"

"Ó wà nínú ìwé. Ó pé ọjọ́ mẹ́wàá gééré lónìí."

"Kílò mélòó?"

"Méjì."

"Ẹ ṣírò rẹ̀."

Ìyá gbé pẹ́ńsù. Ó ní, "120 lọ́nà mẹ́wàá, 1,200. Kílò méjì jẹ́ 2,000. Tí a bá yọ 1,200 kúrò, 800 ni ó yẹ kó ṣẹ́ kù." Ó dákẹ́. Ó wò mí. "Tíṣà, kò sí 800 nínú àpò yẹn o! Kò ju ẹ̀kúnwọ́ kan lọ."

"Ta ló wá jẹ ìyókù?"

Ìyá kò dá mi lóhùn. A jọ lọ sílé rẹ̀. Ó pe ọmọ ọmọ rẹ̀, ọmọkùnrin ọdún mẹ́jọ. Ọmọ náà kò purọ́. Ó ní, "Màmá, ebi ló ń pa wọ́n. Bí mo bá ti ilé ìwé dé, wọ́n máa ń la ẹnu sí mi."

Ọ̀rọ̀ náà gún mi lọ́kàn. Ohun tí èmi ṣe gan-an ni. Ìfẹ́ ni, ṣùgbọ́n ìfẹ́ tí kò ní òṣùwọ̀n.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, a fa ìdajì omi jáde, a da omi mìíràn sí i. Ní ọjọ́ kejì, a tún fa ìdá kan nínú mẹ́ta. Ọjọ́ méjì ni a kò fún wọn ní oúnjẹ rárá. Ní ọjọ́ kẹta, wọ́n jẹun.

Ìyá kò lu ọmọ náà. Ó fún un ní pẹ́ńsù. Ó ní, "Láti òní lọ, ìwọ ni yóò máa bu ti ìrọ̀lẹ́. Ẹni tí ó bá bu ú ni yóò kọ ọ́." Láti ọjọ́ náà, ọwọ́ méjì ni ó wà nínú ìwé ẹja náà, ti ìyá àgbà àti ti ọmọ ọmọ rẹ̀. Ní oṣù kẹfà, ẹja 37 ni wọ́n kó jáde, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì tó kílò kan.

8. Àmì tí ó yẹ kí ẹ máa wò

Tí ẹja kò bá jẹun bí ti tẹ́lẹ̀. Tí wọ́n bá ń pẹ́ jù ní ojú omi, tí wọ́n dúró lóòró, tí orí wà lókè, tí ìrù wà nísàlẹ̀. Tí omi bá ń rùn, tàbí tí ìfófò rẹ̀ kò lọ. Tí ẹ bá rí ọ̀kan nínú àwọn àmì wọ̀nyí, ẹ má ṣe bu oúnjẹ sí i pé bóyá ebi ni. Ẹ dá oúnjẹ dúró. Ẹ pààrọ̀ ìdajì omi. Ẹ kó òkú ẹja kúrò kíá. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí ìwé yín.

9. Bí ojú ìwé yín yóò ṣe rí

Ọjọ́ 11. Òwúrọ̀: 60. Ìrọ̀lẹ́: 60. Omi: ìdá kan nínú mẹ́ta. Ó kú: 0.
Ọjọ́ 12. Òwúrọ̀: 60. Ìrọ̀lẹ́: 60. Omi: rárá. Ó kú: 0.
Ọjọ́ 13. Òwúrọ̀: 60. Ìrọ̀lẹ́: 0, wọn kò jẹ ti òwúrọ̀ tán. Omi: ìdajì. Ó kú: 0.

Ẹ wo ọjọ́ 13. Ẹni tí ó kọ ọ́ rí àmì, ó dá oúnjẹ dúró, ó pààrọ̀ omi. Ẹja kan kò kú. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú méjì ni lójúmọ́. Ẹni tí ó bá ní òun kò ní àyè láti kọ ọ́, èmi ni kí ó wá bi léèrè.

Ẹja kò lè sọ̀rọ̀. Omi kò lè sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ti mọ ìwé, ẹ lè kọ ohun tí ẹ bá ṣe sílẹ̀, kí ìwé náà sì bá yín sọ ohun tí ojú kò rí.

Àwọn ìbéèrè

1. Kí ni ìdí tí àrọ̀ fi lè gbé inú omi tí kò dára? Báwo ni èyí ṣe ń tan ẹni tí ń sìn ín jẹ?
2. Kí ni ohun méjì tí ó ń ba omi táǹkì jẹ́?
3. Kí ni ìdí tí a kò fi ń da ọmọ ẹja sínú táǹkì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ tí ó bá dé?
4. Báwo ni ìyá alákàrà ṣe mọ̀ pé ẹlòmíràn ń fún ẹja òun ní oúnjẹ?
5. Ẹ ṣe ìṣirò yìí: Ẹja 37 ni ẹ ní. Ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 500 gíráàmù. Oúnjẹ ọjọ́ kan jẹ́ ìdá 2 nínú 100. Gíráàmù mélòó ni ẹ ó fún wọn ní òwúrọ̀, mélòó ní ìrọ̀lẹ́? (Tí ẹ bá rí 185 àti 185, ẹ gbà á.)
6. Ẹ mú ìwé kékeré kan. Bí ẹ kò bá tilẹ̀ ní ẹja, ẹ kọ ohun kan tí ẹ ń ṣe lójoojúmọ́ sínú rẹ̀ fún ọjọ́ méje: ẹyin tí adìẹ yé, tàbí owó tí ẹ rí lọ́jà. Ẹ mú un wá sí kíláàsì, kí a jọ kà á.